Fọ́ọ̀mù Orúnkún Màmá Ṣọlá

Ilẹ̀kùn ẹlòmíràn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣí ní Dagenham, nílẹ̀ òyìnbó. Ẹ má tíì dá mi lẹ́bi. Ẹni tó bá mọ àwọn òpópónà tó yí páàkì Parsloes ká á mọ̀ pé àwọn ilé ibẹ̀ jọra ju ìbejì lọ: bíríkì kan náà, fèrèsé kan náà, ọgbà kékeré kan náà níwájú ìta. Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo lọ ra búrẹ́dì ní Heathway. Nígbà tí mo padà, kọ́kọ́rọ́ ò yí. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, òjò ń pa mí, ara mi ti ń gbọ̀n. Mo wá fi ìbínú pariwo pé, "Yéè! Irú ìyà wo lèyí!"

Ilẹ̀kùn ṣí láti inú. Ìyá àgbàlagbà kan ló yọjú, wọ́n so ìborùn mọ́rí, ṣíbí ìdáná wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ilé ta lo fẹ́ fọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo rò pé ilé mi ni."

"Ilé ẹ kẹ̀? Ibi tí mo ti ń gbé láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ẹ? Wọlé jàre, you are wet."

Bí mo ṣe di ọmọ Màmá Ṣọlá nìyẹn. Ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ọkọ wọn ti kú, Ṣọlá tí í ṣe ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì ń gbé ní Kánádà. Ilé tèmi gan-an wà ní òpópónà kejì, nọ́ńbà kan náà. Láti ọjọ́ yẹn, mọ́ínmọ́ín ọjọ́ Sátidé ò wọ́n mi mọ́. Màmá ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ lé aṣọ. Àwọn náà ló sọ fún mi pé kí n yéé dúró de ẹni tó máa kí mi ní ibùdókọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkíni yẹn dùn mí ju òtútù lọ. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo ẹni tó wà ní ibùdókọ̀ ni mo kí lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé. Obìnrin kan rọra gbé báàgì rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì. Ọkùnrin kan ní òun ò fẹ́ ra nǹkan kan. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, mo sunkún. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti pè mí láti Ìbàdàn.

"Ṣé àwọn èèyàn ibẹ̀ lọ́yàyà?"

"Wọ́n lọ́yàyà gan-an, Màámi."

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ́?"

"Kò sí o. Ara mi le."

Mo ń fi ọwọ́ nu imú bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ìyá mi ní òtútù ló jọ pé ó mú mi, kí n mu nǹkan gbígbóná.

Kò rọrùn láti ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún wọn. Oníṣirò ni mí, nínú ìwádìí iṣẹ́ abẹ. Bí ọ̀nà méjì bá wà láti ṣe iṣẹ́ abẹ kan, tí kò sì sí dókítà tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí ló dára jù, a ó wá àwọn aláìsàn tó gbà láti bá wa kópa. Kọ̀ǹpútà á ṣẹ́ kèké lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: àwọn kan á gba ọ̀nà kìíní, àwọn tó kù á gba ọ̀nà kejì. Lẹ́yìn náà la ó máa fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí wọn, pé ara ńkọ́? Èmi ni mo ń kó ìdáhùn wọn jọ, tí mo ń ṣírò rẹ̀ láti mọ èyí tó ṣe èèyàn lóore.

"Kèké?" ni ìyá mi wí. "Ṣé kèké lo lọ kọ́ ní gbogbo ọdún tó o lò ní yunifásítì?"

"Kèké yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n ṣojúsàájú, Màámi. Bí a bá ní kí dókítà fọwọ́ ara rẹ̀ yàn, ẹni tára rẹ̀ le ló máa yàn fún ọ̀nà tí òun fẹ́ràn."

"Bó ṣe yẹ ká pín ilẹ̀ bàbá yín nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ká ní kèké la ṣẹ́ ni, ìjà yẹn kì bá tí wáyé." Láti ọjọ́ náà, wọn ò bi mí léèrè iṣẹ́ mi mọ́. Ó ti yé wọn ju bó ṣe yé àwọn dókítà kan lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ wà tí mi ò lè gbàgbé, ọkùnrin gíga kan tó máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ èèyàn lẹ́nu. Nínú ìpàdé, ó ní ọ̀nà tòun ló dára jù, òun ti fi ojú òun rí i, àwọn aláìsàn òun ń padà wá dúpẹ́. Mo ní, "Àwọn tó gbádùn ló ń padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, sà. Àwọn tí kò gbádùn ti gba ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn lọ." Nígbà tó yá ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n jókòó ti òun ní ìpàdé tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ náà, nínú rélùwéè, ìdùnnú ò jẹ́ kí n rántí sọ̀kalẹ̀ ní Heathway.

Lọ́dún kejì mi ni wọ́n fi ìwádìí orúnkún lé mi lọ́wọ́. Ọ̀nà méjì tí wọ́n lè gbà fi oríkèé tuntun sí orúnkún tó ti jẹ là ń fi wéra. Aláìsàn ò mọ èyí tí wọ́n ṣe fún òun. Èmi náà ò mọ̀. A àti B lásán ni mò ń rí, àti nọ́ńbà tó dúró fún orúkọ ẹni. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí ẹni tó bá mọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbè sẹ́yìn ọ̀kan láìfura.

Nígbà tí ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, nǹkan kan rú mi lójú. Fọ́ọ̀mù wa ní kí aláìsàn fi nọ́ńbà sọ bí ìrora rẹ̀ ṣe pọ̀ tó: òdo túmọ̀ sí pé kò dùn ún rárá, mẹ́wàá túmọ̀ sí pé ẹ̀mí fẹ́ bọ́. Láti ọsibítù kan, àwọn èèyàn ń kọ òdo, òdo, òdo. Wọ́n ní àwọn lè kúnlẹ̀ káwọn sì dìde wẹ́rẹ́. Lójú ewé kejì, àwọn kan náà ní ọ̀pá làwọn fi ń rìn, àtẹ̀gùn ò ṣeé gùn. Helen, ọ̀gá mi, ní bóyá ìbéèrè náà ni kò yé wọn. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ó di Sátidé kan, mo dé ilé Màmá Ṣọlá, mo rí àpòòwé kan lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo mọ́ínmọ́ín. Àwòrán orúnkún aláwọ̀ ewé wà lójú rẹ̀. Àpòòwé wa ni! Mo mọ̀ pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún Màmá lóòótọ́, èmi ni mo tẹ̀ lé wọn padà sílé lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n wà nínú ìwádìí wa. Àwọn fúnra wọn ò kà á sí nǹkan tó yẹ ní sísọ.

"Ẹn-hẹn, Dókítà mi," ni Màmá wí, orúkọ tí wọ́n fún mi torí pé àwọn dókítà ni mò ń bá ṣiṣẹ́. "Bá mi fill ìwé yìí, glasses mi ò ríran mọ́. Kọ zero sí iwájú pain."

"Màmá, ṣé kò dùn yín ni?"

"Ta ló bi ẹ́ léèrè yẹn? Ẹnu wa la fi ń pe ire. Kọ zero."

"Ibi tí wọ́n ti ní ṣé ẹ lè kúnlẹ̀ ńkọ́?"

"Kọ ọ́ pé mo lè kúnlẹ̀ very well. Kí n wá fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò lè kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run mi? Ìwọ náà, think about it."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ìbéèrè náà yé wọn dáadáa. Àwa tí a kọ ọ́ ni a ò mọ ohun tí à ń béèrè. A rò pé a ń bi èèyàn léèrè nípa egungun. Ìgbàgbọ́ wọn ni wọ́n rò pé a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà níwájú mi. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù yìí. Ibi iṣẹ́ mi ló ti wá. Èmi ni mò ń ṣírò rẹ̀, bí mo bá tún ń bá èèyàn kọ ọ́, mo ti bà á jẹ́ nìyẹn."

"Ìwé pélébé yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n mú àpòòwé náà, wọ́n tì í bọ inú báàgì wọn. "Kò burú," ni wọ́n wí. "Dépò á kọ ọ́."

Bọ̀dá Dépò ni akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì Màmá, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan tí kò jìnnà sí àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Village. Ní ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, mo lọ síbẹ̀ láti bẹ Màmá. Lẹ́yìn ìsìn, mo bá Bọ̀dá Dépò nídìí tábìlì, nínú sùtánà, láìwọ bàtà. Àwọn ìyá àti bàbá tò síwájú wọn, oríṣiríṣi ìwé lọ́wọ́: ti council, ti gáàsì, ti ọsibítù. Mẹ́ta nínú wọn mú àpòòwé orúnkún aláwọ̀ ewé dání.

"Pain?" ni Bọ̀dá Dépò bi ìyá tó wà níwájú.

"God forbid."

"Amen. Zero. Ẹni tó kàn!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, orí mi sì ń fọ́. Òdo gbogbo tó ń dà mí láàmú lọ́fíìsì, ọwọ́ ẹyọ ènìyàn kan ló ti ń wá! Mo sún mọ́ wọn. "Bọ̀dá, ẹ dákun, ṣé kì í dùn wọ́n ni?"

"Sister, ó lè máa dùn wọ́n now. Ṣé èmi ni kí n wá fi bírò mi kọ pain lé àwọn ọmọ Ọlọ́run lórí? By faith ni!" Tọkàntọkàn ni wọ́n fi sọ ọ́, kò sí àrékérekè kankan níbẹ̀. Gbogbo ọ̀sán Sunday ni wọ́n máa ń fi jókòó síbẹ̀, wọn kì í gbà ju ìdúpẹ́ lọ.

Màmá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn.

"Ẹ káàbọ̀, Dókítà," ni wọ́n wí, wọ́n sì kọjá lọ.

Ẹ! Màmá pe èmi ọmọ wọn ní "ẹ". Ọ̀rọ̀ tó le jù tí àgbà lè sọ sí ọmọ rèé, kò sì sí èébú kankan nínú rẹ̀.

Odindi oṣù kan ni mi ò fi jẹ mọ́ínmọ́ín. Mò ń jí, mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń padà, mò ń jẹ ìrẹsì nídìí síǹkì lórí ìdúró, torí kí ni mo fẹ́ tẹ́ tábìlì fún ẹnì kan sí? Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ìwé àṣẹ ìgbélùú àti kọ́kọ́rọ́ ilé ò tíì sọ èèyàn di ará ibì kan. Ẹni tó lè bínú sí ẹ ló ń sọ ẹ́ di ará ibẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ní ní gbogbo Dagenham tó lè bínú sí mi, ó sì ti ń bínú. Bí mo bá sì ronú sí i, mi ò lè sọ pé mo ṣe ohun tí kò tọ́. Ìyẹn ló tún wá ká mi lára jù.

Ọjọ́ kan, mo sọ̀kalẹ̀ nínú rélùwéè ní Heathway, mo rí Màmá níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta iṣu. Wọ́n ń gbé iṣu kan wò, wọ́n ń yí i po. Mo dúró lódìkejì títì, mo ń wò wọ́n. Wọn ò gbé iṣu náà sílẹ̀, wọn ò sì rà á. Ọwọ́ kejì wọn di igi àtẹ ṣọ́ọ̀bù mú pinpin. Ẹsẹ̀ òsì wọn ò kan ilẹ̀ dáadáa. Iṣu kọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Wọ́n ń sinmi ni, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n Màmá kì í dárúkọ orúnkún yẹn rárá. Ẹ̀rù bà mí. Bí fọ́ọ̀mù bá ń sọ pé òdo, kò sẹ́ni tó máa pè wọ́n wá fún àyẹ̀wò.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Helen: ti Màmá, ti Bọ̀dá Dépò, ti òdo. Mo rò pé yóò bínú pé mo pẹ́ kí n tó sọ ọ́. Ó bínú díẹ̀ lóòótọ́. Ó ní láti ọjọ́ náà, ẹlòmíràn ni yóò máa bójú tó ìdáhùn ọsibítù yẹn, àti pé nọ́ọ̀sì ni yóò máa pe àwọn aláìsàn ibẹ̀ lórí fóònù. Ó wá wò mí lójú.

"Fọ́ọ̀mù la ní kó o má fọwọ́ kàn," ni ó wí. "Kò sẹ́ni tó ní kó o má fọwọ́ kan ìyá ẹ."

Ní Sátidé, mo lọ kan ilẹ̀kùn Màmá. Bí wọ́n ṣe ṣí i, mi ò dúró kí wọ́n ní kí n wọlé, mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo gbé ọwọ́ lé orúnkún òsì náà lórí aṣọ. Ó wú, ó sì gbóná bí ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Màmá fà sẹ́yìn, wọ́n sì pariwo kí wọ́n tó rántí pa ẹnu mọ́.

"Màmá, ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ṣé o ti wá kọ fọ́ọ̀mù ni?"

"Rárá mà. Mo wá sọ ìdí tí mi ò fi lè kọ ọ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn. Bí ọ̀kan nínú ẹ̀ bá ń pa èèyàn lára, kò sí ohun mìíràn tó lè sọ fún wa ju fọ́ọ̀mù yẹn lọ. Òdo yín ń sọ fún wọn pé ó dára, kí wọ́n máa ṣe é lọ fún ìyá ẹlòmíràn."

"Fún ìyá ẹlòmíràn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Wọn ò kọ ìyẹn síbẹ̀."

"Ẹ̀bi wa nìyẹn, Màmá. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù báyìí, ẹ jọ̀ọ́."

"Dìde nílẹ̀," ni wọ́n wí. "Ọ̀la ni Sunday. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá Ọlọ́run mi sọ̀rọ̀."

Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tètè mọ́ mi.

Mo bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó kan àkókò ẹ̀rí, Màmá dìde, wọ́n di àga mú. Gbogbo ìjọ ti ń múra láti kígbe Halelúyà. "Ẹ̀rí mi ò tíì pé," ni wọ́n wí. "Ẹni tó máa jẹ́rìí, á kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí. Orúnkún mi ń dùn mí. Láti oṣù méjì ni mi ò ti lè kúnlẹ̀. Mo ti ń purọ́ fún ọsibítù, mo sì ń dárúkọ Ọlọ́run sí i."

Ìyá kan lẹ́yìn wá ní, "Èmi náà o." Bàbá kan dìde: "Tèmi náà nìyẹn." Bọ̀dá Dépò jókòó nídìí ìwé àkọsílẹ̀ wọn, ẹnu wọn là sílẹ̀. "Ah! Ah!" ni wọ́n ń wí. "Ẹ̀yin àgbà, why didn't you people tell me?" Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́, ó sì gba gbogbo ilé.

Màmá jáde sí ẹnu ọ̀nà láìwọ bàtà, wọ́n na ọwọ́ gba fóònù mi, àwọn fúnra wọn ló bá ọsibítù sọ̀rọ̀. "It is paining me," ni wọ́n wí. "It is paining me very well." Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, a ti wà níwájú dókítà. Kòkòrò àrùn ti wọ inú oríkèé tuntun náà. Dókítà ní ká ní a pẹ́ sí i ni, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà kọjá ohun tí wọ́n lè tún ṣe. Wọ́n ṣí i, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tọ́jú rẹ̀. Mo jókòó sí ọ̀nà àbáwọlé ọsibítù títí wọ́n fi ní kí n wọlé wá wò wọ́n, mo sì sunkún lójú àwọn nọ́ọ̀sì láìtijú.

Fọ́ọ̀mù tó tẹ̀ lé e dé nígbà tí wọ́n ti padà sílé. Màmá ti gba awò ojú tuntun. Wọ́n ní kí n kọjú sí fèrèsé, kí n má wẹ̀yìn o. Mo ń wo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ sí páàkì, mò ń gbọ́ bí bírò ṣe ń rìn lórí ìwé. Ó pẹ́. Bí wọ́n bá ti dé ìbéèrè kan, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á kọ ọ́.

"Mo ti parí," ni wọ́n wí. Wọ́n lẹ àpòòwé. "Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi kẹ̀, Màmá?"

"Ìwọ. Láti zero dé ten. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ẹ́, mi ò gbọ́ ọ rí kó o ní nǹkan kan dùn ẹ́."

Mo yíjú sí wọn. Mo la ẹnu láti ní ara mi le, bí mo ṣe máa ń sọ fún ìyá mi, mi ò sọ ọ́. Màmá ò ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n kàn ń wò mí, ẹsẹ̀ wọn lórí àpótí, àpòòwé lórí itan.

"Seven," ni mo wí. Ohùn mi kéré. "Ìgbà mìíràn, ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Wọ́n mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ tipẹ́.

"Fa àga ẹ sún mọ́ mi," ni wọ́n wí. "Ibo ló ti ń dùn ẹ́?"